Ẹni Tó Sọ Pé Àgbá Iná Dára

Ẹ̀yin ọdẹ ẹgbẹ́ mi, ẹ gbé ìbọn yín sílẹ̀ ná, kí olúkúlùkù wá ibi tí òjìji igi ti máa bò ó. Lánípẹ̀kun ló fa ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí. Ó gbé ìbọn rẹ̀ fún mi láàárọ̀ òní, gẹ́gẹ́ bí a ti máa ń ṣe tí ìgbẹ́ àjọdẹ bá ku ọ̀la, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ó dára?" Mo dá ìbọn náà padà fún un láìsọ nǹkan kan, ojú sì tì í. Ó ti di ọdún mẹ́rìnlá tí mo ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí gbogbo yín, ẹ sì ti gbà pé ìgbéraga ló ń dà mí láàmú. Ẹ tún gbà pé ẹkùn ló bu etí ọ̀tún mi yìí jẹ, torí pé èmi fúnra mi ni mo sọ bẹ́ẹ̀ fún yín. Irọ́ ni mo pa. A ò tíì bí ẹkùn tí yóò rí etí Ọdẹ́jàyí bù jẹ. Èmi tí mo tẹ òjòlá mọ́lẹ̀ nínú ìgbẹ́ tí mo sì ń bá ìyàwó mi sọ̀rọ̀ lórí fóònù lọ, ẹkùn wo ló fẹ́ dán an wò? Ẹ fara balẹ̀, ẹ ó gbọ́ ohun tó mú etí náà lọ.

Mo rí àlejò méjì láàárín yín tí kò mọ òfin wa, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fún wọn. Ní ìlú yìí, ọdẹ kì í dá yẹ ìbọn ara rẹ̀ wò kí ó tó lọ sí ìgbẹ́ àjọdẹ. Ó gbọ́dọ̀ gbé e fún ọdẹ mìíràn. Ẹni yẹn á wo inú irin náà, á da ẹ̀tù sí àtẹ́lẹwọ́, á fi ahọ́n tọ́ ọ wò, á sì sọ bóyá ó dára tàbí kò dára. Tí ó bá ti sọ pé ó dára, apá òsì ẹni tó ni ìbọn ni yóò máa dúró sí títí wọn yóò fi padà sílé. Bí ìbọn náà bá bú, àwọn méjèèjì ni yóò bú lù. Ọdẹ́rìndé, àbúrò mi tí ìyá mi bí tẹ̀ lé mi, ni ó máa ń dúró sí òsì mi. Ọwọ́ rẹ̀ kì í sinmi lára ìbọn oníbọn. Bí ó bá pàdé ọdẹ ìlú mìíràn lójú ọ̀nà, yóò kí i, yóò ní kí ó jọ̀ọ́ kí òun wo ẹ̀tù rẹ̀. Àwọn kan ti bú u nítorí rẹ̀. Ó ní kí wọ́n máa bú òun, ṣebí wọ́n wà láàyè láti bú òun.

Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà ẹ rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́dún mẹ́rìnlá sẹ́yìn. Ọdẹ́rìndé gba Igbó Àbálà lọ, ó lò tó ọjọ́ mẹ́jọ. Ní ọ̀sán ọjọ́ kẹjọ, sánmọ̀ mọ́ láìsí ìkùukùu kankan, ṣùgbọ́n nǹkan kan bú lẹ́yìn òkè tí àwo fi jábọ́ nínú ilé mi. Nígbà tí a wá a débẹ̀, àpò ọdẹ rẹ̀ ni a rí lórí ègùn tí ó so sórí igi. Òun fúnra rẹ̀ wà nísàlẹ̀, láàárín ilẹ̀ tó jó. Ẹ̀yin tí ẹ bá mi gbé e mọ bí a ṣe bá a, n kò ní sọ ọ́. Olúọdẹ ní kí a ṣí ìpà rẹ̀, kí a kó ohun ìṣọdẹ rẹ̀ lọ sínú ìgbẹ́ kí ó lè lọ sinmi. Mo ní rárá. Mo ní ẹni tó sun ún ni yóò kọ́kọ́ lọ, lẹ́yìn náà ni a óò ṣí ìpà. Oṣù mẹ́ta ni n kò fi fá irun. Ní àràárọ̀, mo máa ń ṣí àpò rẹ̀, mo máa ń gbóòórùn èéfín inú rẹ̀ kí ìbínú mi má bàa rọ̀. Ìyàwó mi bẹ̀ mí títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Nígbà tí inú mi ti korò débi pé oúnjẹ ń korò lẹ́nu mi, mo gbé àpò náà kọ́ èjìká, mo gbé ìbọn, mo tọ ipa irin tí wọ́n wọ́ kúrò nílẹ̀ tó jó náà lọ.

N kò ní fi ìrìn ọjọ́ mẹ́ta gba àkókò yín. Ẹnikẹ́ni nínú yín lè rìn ín, ṣùgbọ́n mélòó nínú yín ni yóò padà wá sọ ọ́? Mo dé ibi tí àpáta méjì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pàdé, ọ̀nà tóóró sì wà láàárín wọn. Ẹnìkan dúró síbẹ̀. Obìnrin ni, tí obìnrin bá lè rí bẹ́ẹ̀. Àwọ̀ rẹ̀ dà bí eérú tí ó ti tutù. Ojú rẹ̀ kò ní ìpéǹpéjú. Ó so òkúta kọ̀ọ̀kan mọ́ ọrùn ẹsẹ̀ méjèèjì, mo sì rí i pé bí ó bá gbé ẹsẹ̀ sókè, òkúta ni ó ń fà á wálẹ̀. Láìsí òkúta, afẹ́fẹ́ ìbá gbé e dé orí igi kó tó jù ú sílẹ̀ padà. Mo na ìbọn sí i.

"Má yìn ín síbí," ó wí. "Ẹ̀tù wà lẹ́yìn mi tó lè gbé àpáta yìí. Akàsẹ́yìn ni orúkọ mi. Kò sí ẹni tó ń wọlé bí kò bá mọ nǹkan nípa iná. Kí ni ó máa ń tì ọ́ sẹ́yìn nígbà tí o bá rán ikú síwájú?"

"Ìbọn mi ni. Bi èjìká mi léèrè."

Ó mi orí. "Ohun tí a ń ṣe nínú náà nìyẹn. A fẹ́ kí iná máa lọ sílẹ̀ kí ó lè tì wá sókè. Ó ku ẹyọ kan. Kí ni à ń kà tí ó ń dín, tí kò bá sì ku nǹkan kan mọ́ ni iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀?"

Mo ní, "Ọjọ́ ayé ẹni tí mo wá bá ni."

Kò rẹ́rìn-ín. Ó na ìka rẹ̀ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá sójú mi, ó ń ká wọn lọ́kọ̀ọ̀kan títí ọwọ́ rẹ̀ fi di ìkúùkù. "Ìka mi ni," ó wí. "Èmi ni mo máa ń kà á sẹ́yìn kí bàbá mi tó ti iná sí i. O kùnà, nítorí náà wàá san nǹkan kí o tó kọjá. Gbé ohun tó ń mú iná wá fún mi." Mo yọ òkúta tó ń ṣáná lára ìbọn mi, mo fún un. Ó so ó mọ́ etí aṣọ rẹ̀. Ṣé ẹ rí i? Mo wọlé tòun ti ìbọn tí kò lè sọ̀rọ̀ mọ́. Àdá ṣì wà ní ìbàdí mi, ṣùgbọ́n àdá yóò pa ẹnìkan, bóyá méjì, kí àwọn tó kù tó dì mí mú. N kò fẹ́ pa ẹnìkan tàbí méjì. Gbogbo wọn ni mo wá pa.

Ohun tí mo rí lẹ́yìn àpáta náà, ọmọ mi tó lọ sí yunifásítì ní rọ́kẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń pè é. Àwọn ń pè é ní àgbá iná. Irin ni, ó ga ju ilé alájà méjì lọ, ihò rẹ̀ dojú kọ ilẹ̀. Wọ́n fi ẹ̀wọ̀n dè é mọ́ àpáta, wọ́n sì so òkúta rẹpẹtẹ kọ́ ara ẹ̀wọ̀n náà. Àwọn mẹ́rin ń sáré yí i ká. Bàbá ọmọbìnrin náà, Arọ́ná, wá pàdé mi. Irun rẹ̀ funfun, ọwọ́ rẹ̀ ọ̀tún kò sì ní ju ìka méjì lọ. Inú bí mi pé mo ń fi ọ̀wọ̀ bá a sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n a ò kọ́ mi láti pe ẹni tí orí rẹ̀ funfun ní ìwọ, ìbáà jẹ́ ẹni tí mo fẹ́ pa.

"Baba," mo wí, "ẹ fẹ́ kí ó fò, ẹ sì tún so ó mọ́lẹ̀?"

"A kì yóò jókòó sínú ohun tí a ò tíì dán wò, ọdẹ. Ọgọ́ta òkúta ló gbọ́dọ̀ gbé, kí ó sì gbé wọn dúró títí ọmọ mi yóò fi ka ọgọ́rùn-ún. Òkè sánmọ̀ lọ́hùn-ún ni ilé wa. Ọkọ̀ wa ló bàjẹ́ tí a fi bọ́ sí ilẹ̀ yín. Mẹ́sàn-án ni wá tẹ́lẹ̀. A dán àgbá wò lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó bú lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó ku àwa mẹ́fà. Ọmọ mi ní o mọ̀ nípa ẹ̀tù. Jọ̀ọ́, bá wa wo tiwa."

Ó mú mi dé ibi tí wọ́n sá ẹ̀tù sí. Wọ́n ti pò ó, wọ́n mọ ọ́n bí àkàsù ẹ̀kọ tó tóbi ju ènìyàn lọ, wọ́n sì tẹ́ ẹ sórí àpáta gbígbóná nínú oòrùn ọ̀sán kí ó lè tètè gbẹ. Mo bẹ̀rẹ̀, mo wò ó. Ó ti là. Ó là kiri ara, tín-ín-rín bí irun orí. Ẹ̀yin tí ẹ ń ki ìbọn mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Ẹ̀tù tó dì dáadáa máa ń jó láti ojú kan lọ sí èkejì, ní ìwọ̀n. Èyí tó ti là, iná yóò gba inú gbogbo ojú ibi tó là wọlé, yóò jó tinú tòde lẹ́ẹ̀kan náà, irin kankan kò sì lè gbà á. Ohun tó ń pa wọ́n láti ọjọ́ yìí nìyẹn, wọn kò mọ̀ ọ́n, torí ibi tí wọ́n ti wá, wọn kò ní irú oòrùn tiwa. Kí wọ́n kàn sá a sábẹ́ ìbòòji ni, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Arọ́ná dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó ní, "Ṣé ó dára?"

Bí àwa ṣe ń bi í nìyẹn. Gẹ́lẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo bu ẹ̀tù náà, mo tọ́ ọ wò, mo rántí ara àbúrò mi lórí ilẹ̀ tó jó. Inú mi dùn, ẹ̀yin ará, n kò ní purọ́ fún yín mọ́. Ó dùn ju ọjọ́ tí mo gbé ìyàwó lọ. Mo ní, "Ó dára, Baba." Ó fi ìka rẹ̀ méjì di ọwọ́ mi mú, ó sì dúpẹ́. Dípò kí n dúró sí òsì rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí òfin, mo yí padà, mo lọ sínú kòtò tí wọ́n gbẹ́ fún ìsápamọ́ lókèèrè. Wọ́n gbé ẹ̀tù náà, wọ́n kì í sínú àgbá. Mo ń wò wọ́n, mo ń kà wọ́n.

Akàsẹ́yìn wá bá mi nínú kòtò náà, torí ibẹ̀ ni ó máa ń dúró sí kí àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbá lè rí ìka rẹ̀. Ó ń fi ọwọ́ po ìda oyin tí yóò fi dí etí. Ó ní ariwo àgbá máa ń fọ́ etí, gbogbo àwọn ló máa ń dí i kí òun tó bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Lẹ́yìn náà ó wò mí.

"Ẹnìkan bí ìwọ wá ní ìgbà tó kọjá," ó wí. "Ó ti wà lórí igi níbi tí a ti ń dán àgbá wò kí a tó kó wá sáàárín àpáta yìí, fún ọjọ́ púpọ̀, ó ń wò wá. A rí i, a fi í sílẹ̀. Nígbà tí mo ti ń kà á lọ, ó sọ̀kalẹ̀, ó sáré jáde sí gbangba, ó na ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ń sáré lọ bá àgbá. Ẹnu rẹ̀ ń sọ nǹkan kan léraléra, ṣùgbọ́n a ti dí etí. Nígbà tí mo rí i, ìka mi ti ku méjì. Bí ó bá ti ku méjì, bàbá mi ti ti iná sí okùn, kò sì sí ẹni tó lè pè é padà. Mo gbọ́ èdè yín ní etí, n kò gbọ́ ọ ní ojú. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti fẹ́ mọ ohun tó ń sọ. Ẹnu rẹ̀ ń ṣe báyìí." Ó ya ẹnu rẹ̀, ó tún un yà, láìsí ohùn.

Mo mọ ẹnu yẹn. Láti kékeré ni mo ti mọ̀ ọ́n. *Ó ti là. Ó ti là.*

Ó ki ìda bọ etí rẹ̀ kí n tó lè fèsì, ó dìde, ó na ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Ẹẹ́wàá. Mo sọ nínú ara mi pé wọ́n ṣì pa á, kò sí bí a ṣe fẹ́ wí i. Ẹẹ́sàn-án. Mo fọwọ́ kan àpò rẹ̀, òórùn èéfín náà ṣì wà níbẹ̀. Ẹẹ́jọ. Eéje. Ọwọ́ obìnrin náà wà níwájú mi gan-an, bí mo bá na apá báyìí, mo lè dì í mú, iṣẹ́ yóò sì dúró. Ẹẹ́fà. Ta ló di ọwọ́ mú fún àbúrò mi? Aárùn-ún. Ó ti wo ẹ̀tù wọn, ó ti rí i, ó sì sáré lọ láti sọ fún wọn, bí ó ti máa ń dá ọdẹ oníbọn dúró lójú ọ̀nà. Ẹẹ́rin. Mo jókòó. Ẹ gbọ́ mi, mo jókòó. Ẹẹ́ta. Nígbà tí mo tó fò dìde tí mo gbá ọwọ́ rẹ̀ mú, ìka méjì ló ṣẹ́kù, mo sì rí i tí iná ń sá lọ lórí okùn. Mo pariwo, "Ó ti là!" Akàsẹ́yìn ń wo ẹnu mi. N kò ní ṣe àpèjúwe ìyókù. Àwọn márùn-ún ló wà níbẹ̀, kò sì sí ẹnìkan tó kù nínú wọn.

Nígbà tí eruku wálẹ̀, ó yọ ìda kúrò ní etí. "Ẹnu tìrẹ náà ṣe bẹ́ẹ̀," ó wí. "Kí ni ó túmọ̀ sí?"

"Pé ẹ̀tù ti là."

"Ìwọ rí i nígbà tí bàbá mi bi ọ́?"

N kò lè purọ́ mọ́. "Mo rí i."

"Kí ni ọkùnrin yẹn jẹ́ sí ọ?"

"Àbúrò mi ni."

 Kò sunkún, bóyá ojú tí kò ní ìpéǹpéjú kì í sunkún. "O ti pa bàbá mi àti ẹ̀gbọ́n mi mẹ́rin fún un," ó wí. "Èmi ńkọ́? Ta ni n óò pa?" Mo yọ àdá, mo gbé e síwájú rẹ̀, mo tẹ orí ba. Ó fi ẹsẹ̀ tí òkúta wà gbá a dànù. Ó ní àdá kò tó. Ó ní n óò bá òun ṣe ẹ̀tù mìíràn, fún àgbá kékeré tí òun yóò fi irin tó ṣẹ́kù ṣe, tí yóò gbé ẹnìkan ṣoṣo, tí ó bá sì parí, èmi ni n óò ti iná sí i, láti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Mo gbà.

Ogójì ọjọ́ ni mo lò níbẹ̀. Mo sá ẹ̀tù sábẹ́ ìbòòji, mo fi ewé tútù bò ó, mo ń yí i láàárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́. A dán díẹ̀ wò nínú àgbá tí a so mọ́lẹ̀, ó gbé òkúta mẹ́wàá dúró títí Akàsẹ́yìn fi ka ọgọ́rùn-ún, kò bú. Kò bá mi ṣeré, kò bá mi jẹun, ojú tí ó fi ń wò mí kò yàtọ̀ sí ojú tí mo fi gbé àpò àbúrò mi kọ́ èjìká. Mo mọ ojú yẹn. Ní ọjọ́ tó kẹ́yìn, ó ní kí n lọ dúró lẹ́yìn àpáta, òun nìkan ni yóò ki ẹ̀tù sínú àgbá. Ó pẹ́ níbẹ̀ láti àárọ̀ títí oòrùn fi dé àárín orí. Ohun tó ṣe sí ẹ̀tù náà, n kò rí i. Bí òun bá là á, àwa méjèèjì ni yóò lọ, ṣùgbọ́n kí ni ó kù fún un tí yóò fi máa bẹ̀rù? Èmi náà ìbá là á, bí mo bá wà ní ipò rẹ̀.

Ó pè mí. Ó tú òkúta ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, ó kó wọn lé mi lọ́wọ́, ó sì di irin àgbá mú kí afẹ́fẹ́ má bàa gbé e. Lẹ́yìn náà ó tú òkúta ìbọn mi láti etí aṣọ rẹ̀, ó fi í sí àtẹ́lẹwọ́ mi. Okùn iná tó so mọ́ ọn kò gùn ju apá mi lọ.

Mo bi í, "Ṣé ó dára?"

Ó wò mí. "Ó dára," ó wí. Ohùn tèmi gan-an ni ó fi sọ ọ́, ohùn tí mo fi dá bàbá rẹ̀ lóhùn. Ó wọ inú àgbá, ó ti ilẹ̀kùn.

Mo ṣáná. Okùn náà gbà á. Kòtò wà níbẹ̀, mo sì lè dé e, ẹ mọ bí mo ṣe ń sáré. N kò sáré. Mo lọ dúró sí apá òsì àgbá náà, pẹ̀lú òkúta rẹ̀ lọ́wọ́ mi, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìka mi sẹ́yìn. Mo ń retí rẹ̀. Mo fẹ́ ẹ́, kí n sọ òtítọ́, torí bí ó bá bú, a ti san án, kò sí ẹni tó jẹ ẹnìkan ní nǹkan mọ́. Iná jáde, ó mú etí yìí lọ, ó gbé mi ṣubú, ariwo rẹ̀ sì kún inú orí mi títí di òní. Nígbà tí mo lajú, àgbá náà ti wà lókè, ó ń lọ gbọọrọ, ó ń kéré, ó ń kéré, títí n kò fi rí i mọ́. Kò là á. Òtítọ́ ni ó sọ fún mi. Mo dùbúlẹ̀ síbẹ̀, mo sì sunkún bí ọmọdé, torí mo mọ̀ pé òun lágbára ju èmi lọ.

Mo padà wálé, a ṣí ìpà Ọdẹ́rìndé. Olúọdẹ bi mí lójú gbogbo yín bóyá mo ti gbẹ̀san, mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ sì pariwo orúkọ mi. Òkúta méjì tí ẹ máa ń rí nídìí igi tí a kó ohun ìṣọdẹ rẹ̀ sí, tí ẹ ti ń bi mí léèrè láti ọjọ́ yìí, ti Akàsẹ́yìn ni. Láti ọjọ́ náà ni n kò ti lè wo ìbọn ẹnikẹ́ni kí n sọ gbólóhùn yẹn. Ó pa ènìyàn márùn-ún lẹ́nu mi, ó sì dá ẹ̀mí mi sí lẹ́nu ẹlòmíràn.

Lánípẹ̀kun, gbé ìbọn rẹ padà wá. Má wò mí bẹ́ẹ̀, gbé e wá. Jẹ́ kí n wo irin rẹ̀. Da ẹ̀tù díẹ̀ sí mi lọ́wọ́. Ó gbẹ, ó dì, kò là níbì kankan.

Ó dára. Lọ́la, òsì rẹ ni n óò dúró sí.